Ẹ Ṣí Ìdí Páìpù Kí Kàmọ́rù Tó Búra

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Mówè níbí, ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún gírísì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kí yín. Mo kí Bàbá Sùlè, àbúrò bàbá wa tó di olórí ẹbí lẹ́yìn tí bàbá wa kọjá lọ. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Bùràímọ̀, àti ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Mo kí àbúrò mi, Kàmọ́rù, bí kò bá tíì di ẹrù rẹ̀.

Bọ̀dá Bùràímọ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ ka ìwé yìí sókè sétí gbogbo ẹbí. Kàmọ́rù ló máa ń ka lẹ́tà mi fún Ìyá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló wà nínú eléyìí, kò sì dára kí ẹnu rẹ̀ máa gbèjà ara rẹ̀. Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ wò yíká bóyá ó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ká ìwé náà pọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ lọ wá a. Mo tún gbà kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ènìyàn, nítorí kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú ẹ̀rọ yìí wà. Ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Ẹ mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, ẹnu mi kì í gba ìjánu.

Ìyá sọ fún mi lórí fóònù pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò pe Kàmọ́rù jókòó, wọn yóò gbé Kùránì síwájú rẹ̀, wọn yóò sì ní kó búra pé òun kọ́ ló fi oògùn apakoríko pa ẹ̀wà Bọ̀dá. Ìyá ń sunkún débi pé n kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n sọ. Kàmọ́rù náà pè mí. Òun kò sunkún, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí. Ó ní òun kò ní búra, nítorí bàbá wa kìlọ̀ fún wa títí tí wọ́n fi kú pé ọmọ àwọn kankan kò gbọdọ̀ fi orúkọ Ọlọ́run búra nítorí ohun tó ń hù nínú oko. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé bí òun kò bá búra, a jẹ́ pé òun jẹ̀bi, kí òun kó ẹrù òun kúrò nílé bàbá wa. Ó ní kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, òun yóò ti wà lójú ọ̀nà. Mo bi í pé ọ̀nà ibo. Ó ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò ní lè tẹ̀lé òun. Láti ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ ti ń dún tí kò gbé e. Inú fu, ẹ̀dọ̀ fu ni mo wà.

Bọ̀dá, mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú yín. Ẹ̀yin àti Kàmọ́rù ti ń ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ilẹ̀ ẹ̀bá odò yẹn tipẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ líle tí kò yẹ kó sọ sí ẹ̀gbọ́n. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ ní kó fi katakata bá yín fín oògùn kòkòrò sórí ẹ̀wà yín tó ń tanná. Ẹ̀rọ yẹn náà ló fi fín apakoríko sínú oko àgbàdo ṣáájú. Ó ní òun fọ̀ ọ́ dáadáa. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ewé ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ó sì kú. Àgbẹ̀ wo ni inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́? Tí ó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti pariwo dé ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé kì í ṣe gbogbo oko ló kú, pé ìlà ìlà ni, pé ẹni tó bá ronú jinlẹ̀ nìkan ló lè ṣe irú ìkà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ìlà yẹn ni ara mi kò ti gba ìjókòó.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí tó bá ń ka ìwé yìí, ará Òkè-Ògùn ni mí. Iṣẹ́ púlọ́ńbà ni mo wá kọ́ ní Mówè nígbà tí ilé ń hù níbẹ̀ bí olú. Obìnrin púlọ́ńbà, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Nísinsìnyí, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Múfú ni mo ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàfò, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí a ti ń tún ẹ̀rọ oko ṣe. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn katakata láti fín oògùn ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Òjò kò jẹ́ ká sinmi lọ́dún yìí. Ojú ọ̀nà ilé mi ti di odò. Bàtà òjò ni mo fi ń jáde láàárọ̀, bàtà iṣẹ́ á wà nínú ọ̀rá. Bí ìsìn ńlá bá wà ní Káńpù àwọn onígbàgbọ́ tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ kì í rìn, ẹsẹ̀ ni mo máa ń fi rìn débi iṣẹ́. Mo ń jẹun, ara mi sì le. Ṣùgbọ́n bí mo bá se oúnjẹ tán tí èmi nìkan jókòó tì í, ilé ló máa ń wá sí mi lọ́kàn: Bọ̀dá á ti mú ẹran tó tóbi jù, Kàmọ́rù á ti máa kùn. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè ṣàárò kíkùn ẹlòmíràn tó báyìí.

Níbi iṣẹ́ yìí ni obìnrin kan ti wá bá wa, Màmá Tòsín, ará Èkó tó ń dáko tòmátì lẹ́yìn Ìfọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá pẹ̀lú ìbínú. Ó ní òṣìṣẹ́ òun kan tó ń gbé ní Ajúwọ̀n, Sọlá ni orúkọ rẹ̀, ti fi apakoríko pa tòmátì òun nítorí pé òun bá a wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ti lé e lọ, kí a kàn bá òun fọ ẹ̀rọ náà kí ohun búburú inú rẹ̀ lè tán. Ọ̀gá Múfú bi í pé báwo ni tòmátì náà ṣe kú. Ó ní ìlà ìlà ni, pé ewé rẹ̀ lọ́ bí aṣọ tí a fún, pé ibi tí apá ẹ̀rọ náà tó nà sọ́tùn-ún sósì parí sí ló burú jù.

Ọ̀gá ní kí a fọ̀ ọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń fọ̀ ọ́. A rọ omi sínú táǹkì, a tan ẹ̀rọ, omi ń tú jáde ní gbogbo ẹnu kéékèèké tó wà lára apá náà títí ó fi mọ́ gaara. Màmá Tòsín ní ṣé a ti rí i báyìí, pé ká ní Sọlá fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá na sípánà sí mi. Ó ní kí n tú ìdérí tó wà ní ìdí páìpù, ní òpin apá ọ̀tún. Ohun tó ṣàn jáde níbẹ̀ ki, ó sì ń rùn bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ike apakoríko. Lẹ́yìn gbogbo omi yẹn o. A ṣí ti apá òsì, bákan náà ni. Ọ̀gá da díẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ omi, ó wọ́n ọn sórí igi tòmátì kan tó wà nínú garawa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ewé rẹ̀ lọ́.

Màmá Tòsín wá wò ó fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti gba Ajúwọ̀n lọ láti wá Sọlá. Wọ́n ní ó ti kó jáde nínú yàrá rẹ̀, kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣì ń wá a di òní. Bó bá ń kọjá ní Ìbàfò, á yà lọ́dọ̀ wa, á bi wá bóyá ẹnì kankan ti gbúròó rẹ̀. Ohun tí mo ń rò nìyí nígbà tí Kàmọ́rù ní òun ń lọ sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò ní lè tẹ̀lé òun.

Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Páìpù tó wà lára apá ẹ̀rọ náà gùn kọjá ẹnu ìkẹyìn tí oògùn ń gbà jáde, ẹni tó ṣe é sì dé e pa níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ ilé, a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń fi ìdí páìpù sílẹ̀, a ó sì dé e, nítorí onílé lè fẹ́ fi táàpù mìíràn kún un lọ́jọ́ iwájú. Omi tó bá dúró síbẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Apakoríko kì í ṣe omi. Bí a bá ń fọ ẹ̀rọ, omi á gba ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jáde. Kò ní dé ìdí níbi tí ọ̀nà ti dí, oògùn àná á sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nígbà tí a bá wá rọ oògùn kòkòrò sínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń mì lórí ebè, èyí tó jókòó yẹn á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ẹnu tó sún mọ́ ìdí ni yóò sì máa gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìlà ìlà. Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹ̀wà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní dá èyí tó pọ̀ jù sí.

Ohun tí àwa ń ṣe ní Ìbàfò báyìí ni pé a ń gé páìpù náà kúrú, kó parí síbi ẹnu ìkẹyìn gan-an, a sì ń fi táàpù kékeré sí òpin rẹ̀, kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ lè ṣí i kí omi sáré gba ibẹ̀ kọjá. Họ́ọ̀sì tó bá rọ̀ wálẹ̀ bí ikùn ọlọ́tí, tí oògùn ń kó jọ sí, a máa ń fà á kó gún. Asẹ́ tó fara pamọ́ sábẹ́ táǹkì, a ń gbé e síta níbi tí ojú á ti máa rí i. Ọ̀gá tún fẹ́ kí páìpù náà padà sínú táǹkì, kí oògùn máa yí po kó má dúró níbì kankan. Ìyẹn kò tíì bọ́ sí i, ó ṣì ń jò ní oríkèé, a sì ń bá a fà á.

Mo ti fi ìdì kan rán awakọ̀ tó mú ìwé yìí bọ̀: sípánà, ìbọ̀wọ́ onírọ́bà àti táàpù méjì fún òpin apá ẹ̀rọ méjèèjì. Bọ̀dá, ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kó tú ìdérí náà. Kí Kàmọ́rù jókòó ti Ìyá níbi tí gbogbo yín ti lè rí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ti da nǹkan sí i. Kí Bàbá Sùlè dúró tì yín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi abọ́ ìdáná gbà á, ẹ má sì jẹ́ kó kán sí ẹ̀bá odò. Ẹ kàn gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ ti ń fín oògùn àgbàdo kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sípánà, imú yín kò ní tàn yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wọ́n díẹ̀ sórí igi ẹ̀wà kan tó ṣì yè, kí ẹ sì fún un lọ́jọ́ díẹ̀. Ìbúra lè dúró títí dìgbà yẹn.

Ohun mìíràn tó ń já mi láyà ni pé Ìyá ní ẹnì kan fẹ́ yá ẹ̀rọ náà kí Jímọ̀ tó dé. Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, kó má kúrò nílé. Bó bá lọ fín oko ẹlòmíràn, ohun tó wà nídìí páìpù á yọ́ dànù sórí oko onítọ̀hún, n kò sì ní ní ohun tí n ó fi hàn yín mọ́. Ǹ bá ti wá fúnra mi, ṣùgbọ́n Ìyá ní kí n má wá, pé bí mo bá dé, ariwo mi yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́ sí i. Mo bínú, mo sì gbà, nítorí òótọ́ ni.

Bí omi tó mọ́ ló bá jáde, èmi ni mo ṣì í. Ẹ pè mí, n ó wá jókòó síwájú gbogbo yín, ẹ bá mi wí bó ṣe wù yín. Síbẹ̀, ẹ má lé Kàmọ́rù sójú títì. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi. Yàrá kan ni mo ní, ilẹ̀ rẹ̀ gba ẹni méjì. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Bí òórùn yẹn bá sì jáde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Bọ̀dá ṣe ẹlẹ́yà. Iṣẹ́ ọdún wọn ló ṣòfò, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé páìpù lè ṣe irú èyí. Kàmọ́rù, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, Bọ̀dá ló sì ń kà á fún ọ. Wọn yóò dìde, wọn yóò kọjú sí ọ, wọn yóò fẹ́ sọ ohun tó máa ń ṣòro fún ẹ̀gbọ́n láti sọ fún àbúrò lójú èrò. Bí o bá ti rí i pé wọ́n la ẹnu, dọ̀bálẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá mi, ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, onílé àti àlejò, àti àwọn tó wà lóko tí wọn kò gbọ́ kíkà yìí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iye wa dín.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàdíátù