Mitokọ́ńdíríà Ti Jáde Nílé

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo rí àwòrán sẹ́ẹ̀lì tí o lẹ̀ mọ́ fíríìjì, tí o fi gbogbo wa ṣe ohun inú ẹ̀. Bàbá rẹ ni núkílíọ́ọ̀sì, ọ̀gá tí gbogbo àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá ń wá ìbọ̀sẹ̀ kiri. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni láísósómù tó ń jẹ àjẹkù. Ìyẹn bá a mu. Má wá ìrẹsì àná mọ́. Èmi wá ni mitokọ́ńdíríà tó ń fún yín lágbára. O ṣeun o.

Tún ìwé rẹ kà: mitokọ́ńdíríà náà ní àṣẹ díẹ̀ nínú ara ẹ̀, tí kò gbà lọ́wọ́ núkílíọ́ọ̀sì. Àṣẹ tara mi yẹn ni mo tẹ̀ lé lọ sílé àǹtí rẹ. Ọ̀la ni mò ń bọ̀.

Bí ebi bá ń pa yín, kí ọ̀gá pàṣẹ fún ìkòkò.

Ìyá rẹ