Ṣíbí Kan Tó Kù Lófurufú

Ṣọ́ọ̀bù Kejì,
Ẹ̀gbẹ́ Géètì Yunifásítì,
Àkúrẹ́.

(Lọ́wọ́lọ́wọ́: Ilé Akíntóyè, Oǹdó)

Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Itẹ́ Òkú,
Ìjọ Jósẹ́fù Ará Arimatéà (Áńgílíkà),
Oǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ ṢÍ GÉÈTÌ FÚN ÌSÌNKÚ BÀBÁ MI, OLÓÒGBÉ JEREMÁYÀ AKÍNTÓYÈ, BÍ Ó TILẸ̀ JẸ́ PÉ WỌN KÒ PÉ

1. Ohun tí mo fi ojú mi rí ní òwúrọ̀ òní, ọjọ́ Sátidé, ní agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nìyí. Géètì itẹ́ òkú, a ti inú tì í. Àgádágodo tuntun kan, tí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ṣì wà ní ìdí rẹ̀. Ibojì kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn tó gbẹ́ ẹ pé ẹni tí ń bọ̀ kò ju agolo mílíìkì ńlá kan lọ. Àwọn mẹ́ta tó gbẹ́ ẹ, wọ́n jókòó sétí rẹ̀, wọ́n ń jẹ àkàrà. Akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí, lẹ́yìn géètì, fọ́ọ̀mù tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi nínú mọ́tò, nínú aṣọ dúdú, pẹ̀lú Bàbá mi lórí itan wọn.

2. Kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú, ẹ jẹ́ kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ṣe olùyẹ̀wò kòkó fún ìjọba ní ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Láti Bọ́lọ́rundúró dé Ìjù, bóyá ni àgbẹ̀ kan wà tí wọn kò dá àpò rẹ̀ padà rí. Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, wọ́n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, Olúgbénga, ní Amẹ́ríkà, kí dókítà lè bá wọn wo ojú tó ń ṣe bàìbàì. Ojú là. Ọkàn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n kú síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ.

3. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe le lọ́dún yìí. Ẹni tí kò rí owó epo láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó kò lè rí owó tí wọ́n fi ń gbé pósí kọjá òkun. Ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù pé àwọn yóò dáná sun òkú, àwọn yóò sì fi eérú ránṣẹ́. Ìyá mi sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì gbà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ni pé ilé iṣẹ́ kan wà lọ́hùn-ún tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé eérú òkú lọ sí òfurufú, àti pé àwọn ti jẹ àyè kan níbẹ̀ nínú tẹ́tẹ́ oríire níbi iṣẹ́ wọn. Àwọn ẹlòmíràn jẹ fáànù. Nígbà tí agolo eérú dé, a bá ìwé ẹ̀rí nínú àpótí rẹ̀: pé ṣíbí kan lára Olóògbé J. Akíntóyè ti gòkè, yóò máa yí ayé ká fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn èyí yóò já bọ́, yóò sì jóná lójú ọ̀nà. Ìyá mi ní kí n tún ìlà ìkẹyìn yẹn kà. Wọ́n wá béèrè pé, "Lẹ́ẹ̀kejì?"

4. Bí ẹ bá bi mí bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹ, kò yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọlá ni, pé ọba aládé kankan ní ilẹ̀ wa kò tíì dé ibẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n Bàbá mi kì í wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó kí wọ́n má bì. Ọ̀rá dúdú kì í wọ́n nínú àpò wọn. Olùkọ́ yunifásítì kan tí mo máa ń bá tẹ ìwé ṣírò rẹ̀ fún mi: wákàtí kan ààbọ̀ ni nǹkan bẹ́ẹ̀ fi ń yí ayé ká. Ẹni tí èébì máa ń gbé ní Ìdànrè tí kò jìnnà ni a rán lọ yí gbogbo ayé ká, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún lóòjọ́. Àwọn àgbà sọ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ibojì jẹ́ ibi tí ọmọ lè dúró sí, kí ó fa koríko rẹ̀ tu, kí ó kùn ún lẹ́fun lọ́jọ́ ìrántí, kí ó sì jókòó ro ẹjọ́ fún ẹni tó wà níbẹ̀. Ta ni yóò gbé ọkọ́ lọ sí òfurufú?

5. Ibi tí èmi ti ṣẹ̀ rèé. Fọ́ọ̀mù yín béèrè ní ìlà keje pé, "Ṣé òkú pé?" Ẹlòmíràn yóò kọ "Bẹ́ẹ̀ ni", yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ olùyẹ̀wò kòkó ni mí. Mo kọ ọ́ pé, "Ó dín ṣíbí kan, tó wà lófurufú," mo sì so ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn. Nígbà tí Ìyá mi gbọ́, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Monílọ́lá, ta ló bi ọ́?" Fọ́ọ̀mù ló bi mí.

6. Ìdájọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí dá fún wa láti ẹ̀yìn géètì ni pé a kì í sin ẹni tó ṣì wà lẹ́nu ìrìn àjò. Wọ́n ní kí a máa gbé agolo lọ sílé, kí a dúró de ìyókù. Pé ọdún mẹ́rin kò ní pẹ́ pé. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́ ibojì, Reuben, gbé àkàrà sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀ ti là. Ẹ jẹ́ kí Bàbá wọlé o, ká fi iṣu sí ibi tó kù." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi Ìyá mi. Ẹ̀rín wọn àkọ́kọ́ láti oṣù Kẹjọ nìyẹn, mo sì kọ ọ́ síbí kí ẹ má baà bá Reuben wí.

7. Ẹ mọ àṣà ilé wa. Opó kì í lọ oko títí a ó fi da erùpẹ̀ bo ọkọ rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni a sì ń bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ opó. Nítorí náà, gbogbo oṣù tí Ìyá mi ti jókòó nínú aṣọ dúdú kò sí nínú kíkà. Kòkó wọn ní Bọ́lọ́rundúró ti pọ́n, ó ń rà lórí igi. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń kórè rẹ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà ń kórè rẹ̀. Oko yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni wọ́n. Bí wọ́n bá dúró de ṣíbí ọdún mẹ́rin, igbó ni wọn yóò bá níbẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ bá ohunkóhun.

8. Mo bẹ̀ yín kí ẹ rántí Bàbá Ayọ̀délé, alàgbà ìjọ wa. Nítorí àtọ̀gbẹ, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì wọn ní Àkúrẹ́ ní ọdún méjì kí wọ́n tó kú. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi wọ itẹ́ òkú yín. Kò sẹ́ni tó ní kí a dúró de èkejì. Bákan náà, eyín òkè Bàbá mi méjì wà ní Ìjù láti ọdún 1984, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti gbé wọn ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò kọ ìyẹn sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ foríjì mí. Àti pé àdúrà tí àlùfáà wa máa ń gbà lójú oórì dárúkọ eérú ní kedere. Mi ò gbọ́ ọ kí ó béèrè iye ṣíbí rí.

9. Kí a tó kúrò níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n rọra sọ fún mi pé kí n gba fọ́ọ̀mù mìíràn, kí n kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" sí i, àwọn yóò ṣí géètì lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé àánú ló ṣe wọ́n. Mi ò lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun kan nínú mọ́tò bí a ṣe ń padà lọ sílé. Àpò tó bá purọ́ nìkan ni Bàbá mi ń dá padà. Àgbẹ̀ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Bàbá, tèmi dín o," Bàbá mi á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó dín sára àpò náà, wọ́n á buwọ́ lù ú, àpò náà á sì wọlé.

10. Ẹ̀yin Ọ̀gá, Bàbá mi dín o. Ẹnu ara wa ni a fi sọ ọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ pé "Ó dín ṣíbí kan", kí ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì ṣí géètì fún wa lọ́jọ́ Ajé, kí Ìyá mi lè bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ wọn. Ẹ lè kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ọmọ tó bá wà lókè òkun máa béèrè lọ́wọ́ ará ilé kó tó rán ẹnikẹ́ni lọ sókè. Èmi á kọ́kọ́ dìde láti ṣe àmín.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì dúró lẹ́nu géètì,

Monílọ́lá Akíntóyè,
Atẹ̀wé, ọmọ ìjọ yín.

Àfikún: Mo fi èyí kún un nígbà tí mo jí, kí àkọsílẹ̀ mi lè pé. Láti ìgbà tí a ti dé ẹnu géètì yín títí mo fi parí lẹ́tà yìí, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò olùkọ́ yẹn, Bàbá mi ti yí ayé ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìyá mi kò kúrò lójú kan láti ìgbà tí a ti padà délé. Agolo wà lórí itan wọn. Wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tí àwọn lè gbé e sí kí àwọn tó sùn. Bí mo ti parí lẹ́tà, èmi dùbúlẹ̀ ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́.