Ọjọ́ Tí Mo Ké Orúkọ Ìyá Ọkọ Mi

                                                            Ilé Àkànmú,
                                                            Okpomèta,
                                                            Kétu.
                                                            Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Jọkẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Barnabé ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fún un láyè? Sandra ọmọ wa ńkọ́, ṣé kò tíì ga jù ọ́ lọ? Ẹ kú ooru Àjàṣẹ́ o. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Àgbàdo ti ń gbẹ lóko, ọyẹ́ ti ń yọjú láàárọ̀, ara àwọn ọmọ sì le. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ pé láti ìgbà ọdún Iléyá ni n kò ti kọ̀wé. Jọ̀wọ́, má bínú. Ohun kan ló wà lọ́rùn mi tí n kò fẹ́ fẹnu kàn títí yóò fi yanjú. Ó ti yanjú báyìí, Jọkẹ́! Fìdí mọ́lẹ̀ kí o gbọ́.

O mọ̀ pé ojú ń yọ ìyá ọkọ mi lẹ́nu. Ó tó ọdún mẹ́ta tí nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú ọ̀tún. Nígbà tó di ọdún yìí, ó mú ti òsì náà. Ìyá tó máa ń ṣa ẹ̀wà tí òkúta kan ò ní kù níbẹ̀ wá di ẹni tó ń fọwọ́ wá ìlẹ̀kùn. Ìró ẹsẹ̀ mi ló fi ń dá mi mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìkòkò, ó fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, etí ààrò ló gbé e sí, omi gbígbóná sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Kò ké. Ó kàn jókòó, ó ní òun ti di ẹrù sí wa lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju egbò náà lọ.

Dókítà ojú kan wà tó máa ń wá sí ilé ìwòsàn ńlá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì máa ń lò. Nígbà tó wá ní oṣù kẹjọ, a gbé Ìyá lọ tààrà. Bàbá Asma, ọkọ mi, ló ní kí a má fàkókò ṣòfò ní ilé ìwòsàn abúlé, pé kí ni ẹni tó ń fún ọmọdé lóògùn ibà mọ̀ nípa ojú? Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá wa padà. Wọ́n ní dókítà ojú kì í wo ẹni tí ilé ìwòsàn àdúgbò rẹ̀ kò bá kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n sì fún un ní fíìṣì, ìyẹn ìwé tó ń sọ ẹni tó jẹ́, ohun tó ń ṣe é, àti ẹni tó rán an wá. Bàbá Asma ń fapá jánú títí a fi délé. Mo bi í pé ṣé ẹni tó fẹ́ rí ọba kì í kọ́kọ́ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí dókítà tún dé lóṣù yìí, mo mú Ìyá lọ sọ́dọ̀ Fidèle, dókítà kékeré wa ní Okpomèta. Fọ̀n ni, Yorùbá rẹ̀ ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ṣùgbọ́n Jọkẹ́, ọmọ náà mọṣẹ́! Ó tan iná sí ojú Ìyá, ó ní kó ka ìka. Ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó rí i pé ó ga, ó sì fún un lóògùn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní bí kò bá wálẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi abẹ kàn án. Wo ohun tí à bá fò kọjá! Nígbà tí a padà lọ, ó ti wálẹ̀. Fidèle ní kí Ìyá lọ jókòó sábẹ́ igi máńgò níta, ó mú bíìrò, ó sì bi mí ní Faransé pé kí ni orúkọ aláìsàn.

Ìwọ náà rò ó wò. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà nílé yìí, n kò pe orúkọ ìyá ọkọ mi rí, n kò sì pe ti ọkọ mi. Àní ta ló tó bẹ́ẹ̀? Mo ní, "Ìyá Àgbà." Ó ní orúkọ ìdílé ńkọ́? Mo ní, "Àkànmú." Fidèle dorí kodò, ó kọ ọ́ geere: AKANMU Iyagba. Mo fi ojú ara mi rí i, ó tilẹ̀ wù mí bó ṣe kọ ọ́. Mo bu ọwọ́ lù ú pé èmi ni mo fi orúkọ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí dókítà ojú máa lò kẹ́yìn ni wọ́n fi wá sí. Thérèse, akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì ilé ìwòsàn ńlá, gba fíìṣì, ó gba kádì ìdánimọ̀ Ìyá, ó wo èyí, ó wo ìyẹn. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nílé baba rẹ̀ ló wà lára kádì. Thérèse ní ta ni Iyagba? Gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ní òun ni, ṣùgbọ́n akọ̀wé ní ohun tó wà nínú ìwé lòun ń wò, àti pé tó bá ti di aago méjìlá, wọn ò ní gba ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ọjọ́ yẹn bá bọ́, ó di oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, ojú òsì kò sì lè dúró di ìgbà náà.

Mo bẹ Thérèse kó jẹ́ kí n pe Fidèle lórí fóònù. Fidèle ní òun lè kọ òmíràn, kí òun lù ú lóǹtẹ̀, kí òun ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tó bu ọwọ́ lu ti àkọ́kọ́ lòun ti máa gbọ́ orúkọ náà. Fóònù ń gé. Mo wo Ìyá, mo wo ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe "Ìyá... Ìyá..." Àfi bí Ìyá ṣe fi ọ̀pá gbá mi lẹ́sẹ̀.

"Ìyàwó, pè é! Orúkọ mi kì í ṣe èèwọ̀ fún ẹni tó ń wá ojú fún mi. Pè é kó dún!"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, mo ké e: "Moutiatou! Moutiatou Èṣùgbàyí!" Fidèle ò gbọ́. Mo tún un ké. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo aláìsàn tó jókòó ló bá mi ké e. Fidèle ní òun ti gbọ́, pé bóyá ni gbogbo Okpomèta ò ti gbọ́.

Kí aago mọ́kànlá tó lù, fíìṣì tuntun ti dé orí fóònù Thérèse. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí Ìyá wọlé. A borí, Jọkẹ́! Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú òsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ìyá ṣẹ́jú, ṣẹ́jú. Ó wo fèrèsé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ níwá lẹ́yìn, ó wá kọjú sí mi. Ó wò mí pẹ́. Ó na ọwọ́ sí etí gèlè mi, níbi tí irun ti yọ.

"Sàfúrátù," ó ní, ẹni tí kò pè mí ju Ìyàwó lọ rí, "Sàfúrátù, o ti hewú! Ìgbà wo lo hewú tí mi ò rí i?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, méjèèjì pọ̀.

Bàbá Asma ti gbé àkùkọ kan lọ fún Fidèle, kò sì sọ̀rọ̀ oògùn ibà mọ́. Fíìṣì ojú ọ̀tún ti wà nílẹ̀ de oṣù kejì, orúkọ rẹ̀ sì pé. Àwọn ìyàwó ilé ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ní èmi ni akéde. Mo gbà. Sọ fún Barnabé pé kó má sáré lọ bá dókítà eegun o; kó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò yín, kí o sì jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀!

Bá mi kí gbogbo ilé. Ìyá ní kí n kí ọ dáadáa. Ó jókòó tì mí bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò kàwé rí, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọrùn wo bébà mi, ó ní ìlà tí mo ń kọ wọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ ti là,
Sàfúrátù.