Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọn Ò Kọ Orúkọ Sí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kẹwàá, 2001

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwa olóyún tó wà ní ọsibítù Bàrígà. Ó ní ìjọba fẹ́ mọ iye àwa tó ní kòkòrò éèdì lára.

Mo ní, "Àǹtí, ìgbà wo ni kí n wá gba èsì tèmi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èsì kẹ̀? A kì í kọ orúkọ sí i. Kíkà la kàn fẹ́ kà yín."

Kíkà! Bí ìgbà tí wọ́n ń ka ẹja ní Ìlàjẹ. Tó bá wà lára mi, wọ́n á mọ̀ ọ́n l'Ábújá, èmi tí mo ni ẹ̀jẹ̀ ò ní mọ̀. Ìjọba alágbádá tí a jó fún náà rèé!

Ìyá tó jókòó tì mí fà mí láṣọ. "Rọra o, wọ́n á rò pé o ní in."

Kí wọ́n rò ó. Mo ní n ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá fa òmíràn, kí wọ́n kọ Sìkírátù sí i gàdàgbà. Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ mú ọkọ mi wá ná. Mo ní, "Ṣé òun lẹ gún lábẹ́rẹ́ ni?"

Nígbà tí kò rọ́nà gbà, ó fa òmíràn, ó kọ orúkọ mi.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni èsì. Ẹ̀rù ń bà mí gidi, ọmọ sì ń tàpá nínú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ohun yòówù kó jẹ́, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún.