Kúta Tó Sọ Omi Tútù Di Iná

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kọkànlá, 1988
Ará Nefi kan tí Bàbá ránṣọ fún gbé kúta, ẹja òkun ńlá kan, wá láti Navy Town. Ọkọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkun jíjìn dé. Àǹtí Ràbíátù, ìyàwó tuntun Bàbá, pín in bí wọ́n ṣe ń pín in nílé wa: orí fún Bàbá, ẹyin inú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin ní Ìbà — Adájọ́ ni mò ń pè wọ́n nínú ìwé yìí. Èmi ni mo gbé e lọ, láìsè. Èmi àti Àǹtí jẹ ìrù.

Ọjọ́ Ajé, 7
Bàbá ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru. Wọ́n ní bí ẹni pé eèrà ń rìn ní ètè àwọn. Mo bu omi àmù fún wọn, wọ́n ju kọ́ọ̀bù nù, wọ́n ní mo fẹ́ bó àwọn lẹ́nu. Omi àmù!

Ọjọ́rú, 9
Ìgbẹ́ ti dá. Àmọ́ ìka wọn ti kú — télọ̀ tí kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́bọ̀, 10
Adájọ́ dé, ojú wọn fà ro. Wọ́n ní ìkòkò kan náà ni èmi, Bàbá àti Àǹtí ti jẹ, ṣé ọkọ nìkan ni ẹja mọ̀ ni? Wọ́n ní Àǹtí fi nǹkan sí i. Ìpàdé ẹbí di Àbámẹ́ta. Kí Àǹtí ti dẹrù sílẹ̀. Bàbá kọjú sí ògiri. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Mo sọ fún Bàbá pé ètè tèmi náà ta mí díẹ̀. Wọ́n ní mò ń gbèjà Àǹtí ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Mo sọ ọ́! Bàbá Sàlàkọ́, olórí ẹbí, jókòó. Adájọ́ ń rojọ́. Mo gbé omi fìríìjì fún gbogbo wọn. Adájọ́ gbé tiwọn — wọ́n ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Mi ò sọ̀rọ̀ láàrin àgbà rí. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, omi tútù lẹ ń fẹ́ un. Ṣé ó ń jó yín lẹ́nu ni?”

Adájọ́ ní láti ọjọ́ Ajé ni, àwọn rò pé ọ̀tá ni. Bàbá Sàlàkọ́ béèrè ẹni tó se ẹyin kúta. Adájọ́ ní àwọn fúnra àwọn ni, ní Ìbà.

“Ó dáa,” ni Bàbá Sàlàkọ́ wí fún Adájọ́. “Ìwọ náà lọ dẹrù ẹ.”

Ẹ̀rín pa wá! Ẹja ni, kì í ṣe èèyàn: májèlé ti wà lórí àti nínú ẹyin rẹ̀ kó tó délé wa. Àwọn tá a bu ọlá fún ni ẹja bù jẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 20
Bàbá ti ń ránṣọ díẹ̀díẹ̀. Adájọ́ mú adìyẹ wá, wọ́n ní kí Àǹtí sè é, wọ́n sì jẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí àdúgbò ti ń wò wọ́n. Bàbá mú itan, wọ́n gbé e sí àwo Àǹtí. Àǹtí ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní:

“Ẹran kọ́ ni mò ń retí, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ni.”

Bàbá bẹ Àǹtí. Sókè. Gbogbo wa la gbọ́.