Gọ́tà Tó Wà Láàárín Màámi àti Málàm Garba

Bàbá mi, ẹni tí mo ṣì ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀,

Ọkàn mi kò balẹ̀. Màámi ti ń di ẹrù. Wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn ń padà sí, àwọn kò ṣe Kano mọ́. Ta ni yóò wá máa tọ́jú ojú oórì yín?

Gọ́tà ló dá a sílẹ̀. Omi àwo tí wọ́n ń fọ̀ ní búkà Màámi ń ṣàn lọ síwájú tábìlì Málàm Garba, ọ̀rẹ́ yín tó ń ta ẹran lápá Fagge. Inú bí Málàm, wọ́n fi òkúta dí gọ́tà, omi sì padà kún inú búkà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìjà ẹni méjì ti di ìjà àwa ará Sabon Gari àti àwọn ará Fagge. Àwọn èèyàn wa kò ra ẹran lọ́hùn-ún mọ́. Bí ìlú ṣe rí lásìkò yìí, Bàbá, kò sí ìjà tó kéré.

Ẹgbẹ́ wa dá sí i, ẹgbẹ́ tí mo ń bá yẹ ojú àwọn aláìní wò lọ́fẹ̀ẹ́. Yorùbá, Íbò àti Haúsá ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí ojú bá pọ́n, a kì í sáré tan iná sí i. A ó kọ́kọ́ fi omi ṣan án, kí aláìsàn lè là á fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ká má tíì bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ká fún àwọn méjèèjì ní iṣẹ́ tí wọn ó jọ ṣe.

Síbẹ̀, a ṣe àṣìṣe. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì la pe ìpàdé sí. A retí àwọn ará Fagge títí. Màámi bínú dìde. Ìgbà tí mo yọjú síta ni mo rí Málàm Garba àtàwọn èèyàn wọn lábẹ́ igi dogonyáró. Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń retí ká jáde wá bá wọn, nítorí kò rọrùn fún wọn láti wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Báwo ni gbogbo wa ṣe gbàgbé ìyẹn? Ṣé ẹ̀yin ìbá gbàgbé?

A gbé bẹ́ǹṣì jáde. Ẹgbẹ́ ra símẹ́ǹtì, a sì ní kí àwọn méjèèjì wá fi ibi tí omi yóò gbà hàn wá.

“Haba, Mama! Ibẹ̀ yẹn ga jù. Ṣé omi yín ń gun òkè ni?”

“Ìwọ Garba, ọ̀bẹ lo mọ̀, o ò mọ ilẹ̀. Gbé ṣọ́bìrì yẹn wá, jàre!”

Màámi fi ìborùn bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rín wọn.

Omi ti gba ọ̀nà tuntun báyìí. Síbẹ̀ Màámi kò sọ pé àwọn kò lọ mọ́, èmi náà kò sì láyà láti bèèrè. Mo ń dìde, mo ń jókòó. Ṣé gọ́tà kan lè di èèyàn mú nílùú?

Láàárọ̀ yìí, Màámi rán mi sí Málàm Garba. Wọ́n ní kí Málàm bá àwọn fi ẹsẹ̀ màlúù pamọ́ de ọdún Kérésìmesì. Kérésìmesì ṣì jìnnà, Bàbá. Eré ni mo sá lọ jíṣẹ́ náà, kí wọ́n má baà pè mí padà.

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.