Àlhájì Tàófíìk Àkànó Láwàl, Ẹni Tó Mọ Gbogbo Ọ̀nà Tí Odò Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ Ti Gbà Rí

Ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ni wọ́n ti bí olóògbé Àlhájì Tàófíìk Àkànó Láwàl lọ́dún 1953. Bàbá wọn ni Láwàl, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí, ọmọ ìdílé tí wọ́n ti ń kírun láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Ìyá wọn jáde láyé nígbà tí Àlhájì Tàófíìk, Bàbá tí à ń sọ yìí, ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Làtíífàt, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Ìyá Bámiṣẹ́, ló pọ̀n wọ́n dàgbà. Ọmọdé ni Ìyá Bámiṣẹ́ fúnra wọn nígbà náà. Àwọn aládùúgbò a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn ò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó pọnmọ àti ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

Bàbá kọ́kọ́ kéwú kí wọ́n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1960. Ìyá Bámiṣẹ́ kò lọ sílé ìwé ní tiwọn. Igi ìdáná ni wọ́n ń ṣẹ́ tà kí àbúrò wọn lè lọ. Bàbá ka ìwé mẹ́wàá ní Ìgbó-Ọrà, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ pólì ní Ìbàdàn. Lọ́dún 1978 ni ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́ sọ̀féyọ̀ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó odò àti bèbè odò.

Lọ́dún 1981, wọ́n fi Rùkáyàt, ọmọ Èrúwà, ṣaya. Àlhájà Rùkáyàt a máa sọ fún àlejò pé òun bá ìyáálé nílé ọkọ, odò ni orúkọ rẹ̀.

Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Kò sí iṣẹ́ tí Bàbá fẹ́ràn tó wíwá ibi tí odò ti ṣàn rí kó tó ṣí lọ síbi tó wà lónìí. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ wọn kalẹ̀, wọ́n á wo fọ́tò tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú yà láyé àwọn òyìnbó, wọ́n á sì jókòó ti àwọn ìyá àgbà ní Tápà àti Igangan láti bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ nígbà ọmọge. Àwọn tó ń wa iyanrìn lẹ́bàá odò, tí wọ́n ń ba bèbè jẹ́, nìkan ló mọ bí ẹnu Bàbá ṣe mú tó.

Lọ́dún 1996 ni wọ́n ya máàpù odò Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, tó ń jẹ bèbè rẹ̀ lẹ́yìn Ìdèrè. Máàpù náà bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ojú odò àtijọ́ gba abẹ́ ilé Ìyá Bámiṣẹ́ kọjá. Ọkọ wọn, olóògbé Dàda, ló kọ́lé síbẹ̀ nítorí kànga. Láyé tí sóbìyà ń dá odindi agbo ilé dùbúlẹ̀ lásìkò iṣẹ́ oko, kànga Dàda kì í gbẹ, omi rẹ̀ sì mọ́ lóló. Sóbìyà kò mú ọmọ kankan nínú ilé náà. Gbogbo àdúgbò gbà pé àlùbáríkà ni, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n odò àtijọ́ ló ń fún kànga náà lómi, bí bèbè bá sì já, ọ̀nà yẹn ni omi yóò gbà padà.

Bàbá lọ bẹ ẹ̀gbọ́n wọn kí wọ́n kó kúrò.

Ìyá Bámiṣẹ́ dáhùn pé, “Àkànó, omi tó gba àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ sóbìyà lo ní kí n máa sá fún? Mi ò lọ síbì kankan.”

Láti ọdún náà, ẹ̀ẹ̀rùn kan ò kọjá kí Bàbá má tún bèbè yẹn ṣe. Wọ́n gbin ọparun, wọ́n to òkúta sínú àwọ̀n wáyà, àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí sì ń bá wọn di iyanrìn sápò. Bèbè náà dúró. Nígbà tó sì dúró, àwọn ènìyàn ní máàpù Bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, Ìyá Bámiṣẹ́ á fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: “Sọ̀féyọ̀, odò rẹ dà?” Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bu ẹran kún ẹran wọn. Ó máa ń dun àwọn ọmọ Bàbá. Bàbá a ní kí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀, ẹni tó wà láàyè ló ń ṣẹ̀fẹ̀.

Wọ́n lọ sí Mẹ́kà lọ́dún 2005, wọ́n sì jẹ́ akọ̀wé mọ́sálásí àdúgbò wọn ní Ìgbó-Ọrà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àti lẹ́yìn náà.

Lọ́dún 2023, àìsàn kíndìnrín dá Bàbá dùbúlẹ̀. Omi ti ń gbẹ́ abẹ́ òkúta bèbè, wọn ò sì lágbára àtilọ mọ́. Ọkàn wọn ò balẹ̀. Wọn ò tún dárúkọ odò létí ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n kàn ránṣẹ́ pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá máa bá mi gbé. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fún mi jẹ.” Àlhájà Rùkáyàt, tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún wọn láti ọjọ́ yìí, tí wọn ò sì ráwo kan tí Bàbá ṣẹ́ oúnjẹ kù sí rí, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò.

Lọ́jọ́ kan náà ni Ìyá Bámiṣẹ́ di ẹrù wọn wá sí Ìgbó-Ọrà. Wọ́n ní bí ara Àkànó bá ti yá, àwọn ń padà sídìí kànga àwọn. Ọwọ́ wọn ni Bàbá ti ń jẹun títí di ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, tí Ọlọ́run gba ẹ̀mí wọn.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ẹ̀gbọ́n wọn, Ìyá Bámiṣẹ́. Aya wọn, Àlhájà Rùkáyàt. Àwọn ọmọ wọn, Àbdùlàhí, Oyinadé àti Aliyyah. Pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ.

Bàbá, kí àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín tó pé ni bèbè já. Ọ̀nà tí ẹ yà sí máàpù ni odò gbà, ó gbé ilé náà lọ tòun ti kànga. Àárọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n yín sì wà ní yàrá yín, wọ́n ń ká aṣọ yín. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Ẹ sùn re. Ìyá Bámiṣẹ́ wà nílé.